Kí Ẹ Tó Gbé Báàgì, Ẹ Gbé Kàlẹ́ńdà: Bí Ẹbí Ṣe Lè Lo Ìsinmi Ìgbà Ìrúwé ní Washington, D.C.

Owó ìwọlé kọ́ ni wàhálà Washington. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo mùsíọ̀mù Smithsonian, àjọ mùsíọ̀mù ìjọba Amẹ́ríkà, tó wà nínú ìlú náà, ọ̀fẹ́ ni ọgbà ẹranko, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń mú àlejò yí inú Capitol ká, ìyẹn ilé tí àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ti ń jókòó. Ibi ìrántí Lincoln àti ti Martin Luther King wà ní ṣíṣí tọ̀sán-tòru, ẹnikẹ́ni ò sì ní béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín níbẹ̀. Ohun mẹ́ta ló ń ba ìrìn àjò yìí jẹ́ mọ́ ẹbí lọ́wọ́: ẹsẹ̀ tó ti bó, ebi tó mú ọmọ níbi tí oúnjẹ ò sí, àti àyè tí wọn ò tètè gbà sílẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló le jù. Ohun ọ̀fẹ́, gbogbo ayé ló ń wá a, ọ̀sẹ̀ tí ilé ìwé àwọn ọmọ yín bá sì wà ní títì, ti ìpínlẹ̀ mìíràn náà wà ní títì.

Ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa lọ

Ìsinmi tí àwọn ọmọ ń pè ní spring break máa ń bọ́ sí àárín oṣù Kẹta sí ìparí oṣù Kẹrin, ọ̀pọ̀ ilé ìwé ló sì ń so ó mọ́ ọ̀sẹ̀ Àjíǹde. Àsìkò yẹn náà ni igi ṣẹ́rì máa ń tanná yí omi Tidal Basin ká. Ìlú Tokyo ló fi igi 3,020 ta Washington lọ́rẹ ní 1912. Ìyàwó Ààrẹ Taft àti ìyàwó aṣojú ìjọba Japan ló gbin méjì àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún náà.

Ìtànná yìí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Nígbà tí òdòdó 70 nínú 100 bá ti là lára irú igi ṣẹ́rì tí wọ́n ń pè ní Yoshino ni àwọn alábòójútó ọgbà ìjọba máa ń kéde pé ó ti dé góńgó. Ní 2023, ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ni. Ní 2024, ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ni. Ní 2025, ó di ọjọ́ 28. Ó ti tètè dé rí ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta, ní 1990. Ó sì ti pẹ́ débi ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin, ní 1958. Òjò ńlá kan tàbí ẹ̀fúùfù kan ti tó láti gbọ̀n ọ́n dànù. Nítorí náà, ẹ má ṣe torí òdòdó nìkan ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù tí wọn kì í dá owó rẹ̀ padà. Bí ìsinmi àwọn ọmọ yín bá pẹ́ dé àárín oṣù Kẹrin tí Yoshino ti rẹ̀ dànù, irú igi ṣẹ́rì mìíràn tó ń jẹ́ Kwanzan, tí òdòdó rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tó sì ki, máa ń tanná ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀. East Potomac Park, lápá gúúsù Tidal Basin, ni kí ẹ ti lọ wò ó. Èrò ibẹ̀ kéré gan-an sí ti Tidal Basin.

Ẹni tó bá fẹ́ rí Tidal Basin ní ìrọ̀rùn, ọjọ́ iṣẹ́ ni kó lọ, kó sì ti débẹ̀ kó tó di aago méje ààbọ̀ àárọ̀. Ní 2024 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún ògiri etí omi náà mọ, igi tó lé ní 100 ni wọ́n gé kúrò nítorí iṣẹ́ yìí, torí náà ẹ lè bá apá kan ọ̀nà tí wọ́n dí. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀: jíjá òdòdó tàbí gígun igi náà lòdì sí òfin, àwọn ọlọ́pàá ọgbà sì wà nítòsí.

Ojú ọjọ́ àsìkò yìí máa ń tan ènìyàn. Òwúrọ̀ lè wà ní 40 Fahrenheit kí ọ̀sán sì gun 65. Súwẹ́tà tó ṣeé bọ́ lé ẹ̀wù fẹ́lẹ́ dára ju kóòtù kan ṣoṣo tó nípọn lọ, nítorí òbí ló máa ru kóòtù yẹn láti ọ̀sán dalẹ́. Bàtà tuntun kọ́ ni kí ọmọ wọ̀ lọ; èyí tó ti bá a lẹ́sẹ̀ mu láti oṣù mélòó kan ni.

Ohun tí ẹ máa gbà sílẹ̀, àti ìgbà tí ẹ máa gbà á

White House ló nílò ìmúra tó gùn jù. Ọ̀dọ̀ aṣojú-ṣòfin tàbí sẹ́nétọ̀ tó ń ṣojú àdúgbò yín ni ẹ ó ti béèrè, láàárín ọjọ́ 90 sí ọjọ́ 21 kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní Washington ni wọ́n ní kó bá sọ ọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú fún àwọn ènìyàn wa ni orúkọ. Orúkọ inú fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ bá ti káàdì ìdánimọ̀ mu lẹ́tà sí lẹ́tà. Ẹni tí ìwé ìrìnnà rẹ̀ sọ pé Olúwaṣeun ni, kó má kọ Seun. Ẹni tí wọ́n fi orúkọ bàbá rẹ̀ ṣáájú lórí ìwé kan tí wọ́n fi í kẹ́yìn lórí òmíràn, kó mú ọ̀kan, èyí tó máa gbé lọ sí ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ náà, kó sì kọ ọ́ bó ṣe wà níbẹ̀. Wọn kì í gba báàgì kankan wọlé, wọn ò sì ní ibi tí wọ́n ti ń bá ènìyàn tọ́jú rẹ̀. Wọ́n tún lè dá ìbẹ̀wò dúró nígbàkígbà. Iṣẹ́ ilé kíkọ́ dá a dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù ní 2025. Bí wọ́n bá fún yín láyè, ẹ dúpẹ́. Ẹ má ṣe fi í ṣe òpó tí ìrìn àjò yín dúró lé.

Capitol rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ lè gba àyè fúnra yín lórí ìkànnì visitthecapitol.gov, ọ̀fẹ́ ni, láti Monday sí Saturday. Ẹ gbà á ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú. Òfin tó ń bí ẹbí nínú níbẹ̀ ni ti oúnjẹ: wọn kì í gba oúnjẹ wọlé rárá, ì báà ṣe bisikíìtì, bẹ́ẹ̀ ni ike omi gbọ́dọ̀ ṣófo. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti máa ní kí ẹ dà á nù.

Mùsíọ̀mù ìtàn àti àṣà àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, tí orúkọ rẹ̀ gígùn jẹ́ National Museum of African American History and Culture, ń lo páàsì tí wọ́n kọ wákàtí sí. Ọjọ́ 30 ṣáájú ni wọ́n ń tú páàsì ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ti Washington. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Houston, aago méje àárọ̀ lọ́dọ̀ yín nìyẹn. Ní California, aago márùn-ún. Ẹbí tó ń bọ̀ láti London fún ìsinmi Àjíǹde máa kà á sí aago kan ọ̀sán, àfi láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta nínú oṣù Kẹta tí Amẹ́ríkà ti yí aago síwájú tí Gẹ̀ẹ́sì kò tíì yí tirẹ̀: aago méjìlá ọ̀sán ni lọ́dọ̀ yín nígbà yẹn. Ọ̀pọ̀ ló ń fi wákàtí kan yẹn pàdánù páàsì. Ènìyàn kan lè gba páàsì mẹ́fà; ẹ ka ọmọ ọwọ́ mọ́ iye. Aago mẹ́wàá tàbí mẹ́wàá ààbọ̀ ni kí ẹ mú, kí ara àwọn ọmọ tó rọ̀. Bó bá ti tán, ẹ má bínú, wọ́n tún máa ń tú díẹ̀ sílẹ̀ ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Kí bàbá di fóònù tirẹ̀ mú, kí ìyá di tirẹ̀ mú.

Mùsíọ̀mù òfurufú, Air and Space, náà ń lo páàsì ọ̀fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ọgbà ẹranko. Gbogbo mùsíọ̀mù Smithsonian tó kù, ẹ kàn máa wọlé ni.

Washington Monument, òpó òkúta tó ga ní 555 ẹsẹ̀ bàtà, ní tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tà lórí recreation.gov: dọ́là kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ọjọ́ 30 ṣáájú, ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ tún wà ní ilé kékeré tó wà lójú títì 15th Street ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n lásìkò ìtànná, ìlà máa ń tò síbẹ̀ kí ilé náà tó ṣí. Bí ẹ ò bá rí i gbà, ilé ìṣọ́ Old Post Office Tower lójú títì Pennsylvania Avenue máa gbé yín lọ sókè láìgba owó, ẹ ó sì rí ìlú náà kedere. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró nísàlẹ̀, ẹ ní kí àwọn ọmọ wo ara òpó náà dáadáa: ní nǹkan bí 150 ẹsẹ̀ bàtà sókè, àwọ̀ òkúta rẹ̀ yí padà. Owó tán ní 1854, iṣẹ́ dúró, ogun abẹ́lé dé. Nígbà tí wọ́n máa fi padà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1879, òkúta ibòmíràn ni wọ́n rí rà. Wọ́n parí rẹ̀ ní 1884.

Ibi tí ẹ máa sùn àti bí ẹ ó ṣe máa rìn

Owó orí òtẹ́ẹ̀lì nínú D.C. tó nǹkan bí 16 nínú 100, ibi ìgbọ́kọ̀sí òtẹ́ẹ̀lì àárín ìlú sì lè gba $50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóru kan. Kó ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ fún òru mẹ́rin, kó o wò ó. Ohun tó gbọ́n jù ni kí ẹ sùn nítòsí ibùdó Metro, ọkọ̀ ojú irin ìlú náà, ní Maryland tàbí Virginia: New Carrollton, Greenbelt, Silver Spring, Rosslyn, Alexandria. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló sì ní ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ará ìjọ ní agbègbè Prince George's County, ní Bowie, Lanham, Hyattsville tàbí Laurel. Bí ẹ bá sùn lọ́dọ̀ wọn, ẹ wa ọkọ̀ dé New Carrollton, kí ẹ gbé e síbẹ̀. Nǹkan bí $5 ni lọ́jọ́ iṣẹ́, ọ̀fẹ́ ni ní Saturday àti Sunday. Ọkọ̀ ojú irin Orange Line máa gbé yín dé ibùdó Smithsonian ní bí ìdajì wákàtí.

Bí Metro ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá ti pé ọmọ ọdún márùn-ún gbọ́dọ̀ ní káàdì tirẹ̀. Ibi tí ìlà ti ń dí nìyí: bàbá á fi káàdì kan kan ẹnu ọ̀nà, á wọlé, á tún na káàdì náà padà sí ọmọ lẹ́yìn, ẹnu ọ̀nà á sì kọ̀, nítorí ẹ̀rọ náà ti gbà pé ẹni tó ni káàdì ti wọlé. Káàdì SmarTrip kan jẹ́ $2 lára ẹ̀rọ tó wà ní ibùdó, ẹ ó sì fi owó ọkọ̀ sí i. Ẹni tó ní fóònù lè fi í sórí fóònù láìsan $2 yẹn. Láti 2025, ẹ lè fi káàdì báńkì kan ẹnu ọ̀nà tààrà, ṣùgbọ́n káàdì kan fún ẹnì kan náà ni. Ohun tí ẹ fi wọlé ni kí ẹ fi jáde; bí ẹ bá fi fóònù wọlé tí ẹ fi káàdì jáde, iye tí kò yẹ ni wọ́n máa yọ. Àgbàlagbà kan lè mú ọmọ méjì tí kò tíì pé ọdún márùn-ún wọlé lọ́fẹ̀ẹ́.

Owó ọkọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti $2.25, kò sì kọjá $6.75, ti òpin ọ̀sẹ̀ kò ju $2.50 lọ bó ti wù kí ibẹ̀ jìnnà tó. Bàbá, ìyá, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ọmọ ọdún mẹ́jọ àti ọmọ ọdún mẹ́ta: ènìyàn mẹ́rin ló máa sanwó, nítorí náà àlọ àti àbọ̀ Saturday kò lè ju $20 lọ. Ẹ má jẹ, ẹ má mu nínú ọkọ̀ tàbí ní ibùdó. Òfin wọn ni, wọ́n sì ń fi múni. Lórí àtẹ̀gùn tó ń fúnra rẹ̀ rìn, apá ọ̀tún ni kí ẹ dúró sí, apá òsì ni ti ẹni tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́. Ẹni tó bá ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ, ẹlifétọ̀ ni kó wọ̀. Bí ìwé atọ́nà tí ẹ ní bá ń sọ nípa bọ́ọ̀sì pupa olówó pọ́ọ́kú tó ń jẹ́ Circulator, ìwé náà ti pẹ́: ìparí 2024 ni wọ́n ti pa á tì.

Ọkọ̀ ara ẹni nínú ìlú kì í ṣe ìrọ̀rùn. Kámẹ́rà tó ń ya ẹni tó sáré pọ̀ lójú títì, lẹ́tà owó ìtanràn ($100 sókè) sì máa bá yín délé lẹ́yìn ìsinmi. Ní àsìkò tí èrò ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ nírọ̀lẹ́, ọ̀pọ̀ ibi tí ẹ gbé ọkọ̀ sí lọ́sàn-án lọ́nà ẹ̀tọ́ ti di ibi tí wọ́n ti ń wọ́ ọkọ̀ lọ. Ẹ ka gbogbo àkọlé tó wà lórí òpó náà, láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Àdírẹ́sì ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n pín ìlú náà sí, Capitol sì ni àárín: NW (àríwá ìwọ̀-oòrùn), NE (àríwá ìlà-oòrùn), SW (gúúsù ìwọ̀-oòrùn), SE (gúúsù ìlà-oòrùn). 7th Street wà ní NW, ó tún wà ní SE, jìnnà síra wọn. Ojú títì tí wọ́n fi lẹ́tà pè ń lọ láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, èyí tí wọ́n fi nọ́ńbà pè ń lọ láti àríwá sí gúúsù. Ẹni tó bá tẹ àdírẹ́sì sínú fóònù láìfi lẹ́tà méjì ìkẹyìn sí i ti sanwó takisí lórí àṣìṣe.

Apá kan lójúmọ́

Pápá gbọọrọ tí wọ́n ń pè ní Mall gùn tó máìlì méjì láti Capitol dé ọ̀dọ̀ Lincoln. Lórí àwòrán ilẹ̀, gbogbo rẹ̀ dà bí ohun tí ènìyàn lè fi ọ̀sán kan rìn. Ẹ má dán an wò pẹ̀lú ọmọ ọdún mẹ́fà. Ẹ pín in sí ìlà-oòrùn, àárín àti ìwọ̀-oòrùn, kí ẹ sì mú apá kan lójúmọ́, mùsíọ̀mù méjì péré. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá kì í fara da mùsíọ̀mù kan ju wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì lọ.

Ní ìlà-oòrùn, Capitol ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe láàárọ̀. Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ má jáde síta: ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ kan wà tó gba inú Capitol lọ sí Library of Congress, ẹ ò sì ní tún tò fún àyẹ̀wò. Ilé ìkàwé yìí, tí wọ́n ṣí ní 1897, lẹ́wà débi pé ọmọ tí kò fẹ́ràn ìwé á gbójú sókè. Bíbélì Gutenberg wà níbẹ̀. Wọ́n máa ń tì í ní Sunday àti Monday, ó sì ń fẹ́ páàsì ọ̀fẹ́. Láti ibẹ̀, National Museum of the American Indian dára fún oúnjẹ ọ̀sán, kí ẹ tó wọ Air and Space tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí òjò bá dé lójijì, Botanic Garden tó wà lẹ́sẹ̀ Capitol gbóná, ó sì ní ilé ìtọ̀.

Ọjọ́ àárín ló ṣe pàtàkì jù fún ọmọ Yorùbá. Kí ẹ tó wọ mùsíọ̀mù àwọn adúláwọ̀, ẹ dúró ní òdìkejì títì, lápá ibi tí Washington Monument wà, kí àwọn ọmọ wo ilé náà láti òkèèrè. Ìpele mẹ́ta ni, ọ̀kan lé orí èkejì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè, aláwọ̀ idẹ, wọ́n sì dárà ihò wẹ́wẹ́ sí i lára bí aṣọ olójú. David Adjaye, tó ṣáájú àwọn tó ya àwòrán ilé náà, ara òpó onígi Yorùbá ló ti mú un: òpó tí wọ́n gbẹ́ ènìyàn sí, tí ènìyàn náà sì fi orí ru ìpele bí adé, kí òrùlé ààfin tó dúró lé e. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ní Èkìtì, tó kú ní 1938, ni ọ̀gá nínú irú òpó bẹ́ẹ̀. Òun ló gbẹ́ ti ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Ẹ ṣí àwòrán òpó Ìkẹ́rẹ́ lórí fóònù, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà, kí ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ tọ́ka sí ibi tí wọ́n ti jọra. Ọmọ tí wọ́n bí ní Maryland tàbí Texas tó bá rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá òun ló wà láàárín olú ìlú Amẹ́ríkà, ojú tó máa fi wo ohun tó wà nínú ilé náà á yàtọ̀.

Nínú ilé náà, ìsàlẹ̀ ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹlifétọ̀ ńlá kan máa gbé yín wálẹ̀ lọ sí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, ẹ ó sì máa gun òkè bọ̀ láti òwò ẹrú dé òmìnira, dé òní. Kọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ ojú irin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n pín sí méjì, apá funfun àti apá dúdú. Ó tóbi débi pé wọ́n ní láti kọ́kọ́ gbé e sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ ilé bò ó. Pósí Emmett Till, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí wọ́n pa ní Mississippi ní 1955, wà nínú yàrá tirẹ̀. Ẹ pinnu ṣáájú bóyá ọmọ yín máa wọ ibẹ̀. Lójú tiwa, ọmọ tó ti pé ọdún mẹ́wàá lè wọ̀ ọ́, bí òbí bá ti sọ ìtàn náà fún un nílé. Fún ọmọ tó kéré jù bẹ́ẹ̀, kí òbí kan mú un lọ sí òkè, níbi orin àti eré ìdárayá, níbi tí ọkọ̀ Cadillac pupa olórin Chuck Berry wà. Ẹ fi wákàtí mẹ́rin sílẹ̀ fún ilé yìí. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ẹbí lo gbogbo agbára wọn tán nísàlẹ̀, kí wọ́n sì jáde láìrí òkè. Ilé oúnjẹ rẹ̀, Sweet Home Café, ní oúnjẹ gidi, kò sì pọ́ọ́kú. Ẹ dé ibẹ̀ ní aago mọ́kànlá, nítorí láàárín aago méjìlá sí méjì, ìlà rẹ̀ máa ń rẹ ènìyàn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ẹ kọjá sí òdìkejì Mall lọ sí National Museum of African Art. Abẹ́ ilẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ wà, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wà ní 950 Independence Avenue SW, èrò rẹ̀ kì í pọ̀, kò gba páàsì. Àwo onígi tí Ọlọ́wẹ̀ fúnra rẹ̀ gbẹ́ wà nínú ohun ìní wọn. Wọ́n máa ń pààrọ̀ ohun tí wọ́n gbé síta, nítorí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ẹnu ọ̀nà kí ẹ tó máa wá a kiri. Ní òdìkejì Mall, Natural History wà fún ọmọ tó bá ṣì lágbára, pẹ̀lú òkúta olówó iyebíye Hope Diamond tó wúwo tó 45.52 kárátì.

Ọgbà ẹranko gba ọjọ́ tirẹ̀. Red Line ni kí ẹ wọ̀, ṣùgbọ́n ẹ sọ̀ ní Cleveland Park, ẹ má sọ̀ ní Woodley Park tí orúkọ ọgbà wà lára rẹ̀: òkè ni ẹ máa gùn láti Woodley Park. Ẹ wá padà wọkọ̀ ní Woodley Park nígbà tí ẹ bá ń lọ sílé, ilẹ̀ á ti máa dà yín lọ. Ibi ìgbọ́kọ̀sí rẹ̀ jẹ́ $30. Láàárọ̀ kùtù ni kí ẹ lọ wo panda.

Oúnjẹ, báàgì, àti ẹni tó bá sọnù

Ilé oúnjẹ ò pọ̀ lórí Mall. Ọkọ̀ tó ń ta oúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kì í kọ iye sójú. Ẹ béèrè iye kí wọ́n tó fọwọ́ kan búrẹ́dì. Ọjọ́ tí ẹ kì í bá lọ sí Capitol tàbí mùsíọ̀mù àwọn adúláwọ̀, ẹ di oúnjẹ dání kí ẹ jẹ ẹ́ lórí koríko: ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù nínú fúláàsì, mọ́ínmọ́ín, ẹyin sísè, ṣíńṣín fún ọmọ tó ń kùn. Ọbẹ̀ kò dára nínú báàgì. Lálẹ́, ilé oúnjẹ Nàìjíríà wà káàkiri Hyattsville, Lanham àti Bowie. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ará tẹ́ ẹ sùn sọ́dọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì pè wọ́n kí ẹ tó kúrò ní Mall, kí oúnjẹ ti jinná kí ẹ tó dé.

Báàgì kan ṣoṣo ni kí ẹbí gbé. Gbogbo ẹnu ọ̀nà ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀bẹ kékeré inú kọ́kọ́rọ́ àti ata tí wọ́n ń fín síni lójú, èyí tí àwọn obìnrin ń gbé fún ààbò, ilé ni kí ẹ fi wọ́n sí. Wọn ò ní jẹ́ kí ẹ gbé e wọlé.

Bí ìyá àgbà bá wà pẹ̀lú yín, bóyá ó wá bá yín tọ́jú ọmọ tuntun, àwọn mùsíọ̀mù Smithsonian ń yá ènìyàn ní kẹ̀kẹ́ arọ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń rí i. Àwọn ìyá wa máa ń sọ pé ẹsẹ̀ àwọn ò tíì kú. Ẹ gbé e wá jẹ́jẹ́, kí ẹ ní báàgì lẹ fẹ́ fi rù. Tó bá yá, á jókòó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ ya fọ́tò àwọn ọmọ nínú aṣọ tí wọ́n wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sí ọrùn ọwọ́ ẹni tó kéré jù. Ní ilé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ kejì, ẹ tọ́ka sí ohun ńlá kan: erin tó wà ní àárín Natural History, fún àpẹẹrẹ. «Bó ò bá rí wa, lọ dúró ti erin.»

Ìwọ̀-oòrùn, lálẹ́

Apá ìwọ̀-oòrùn Mall, ẹ fi í sí alẹ́ ọjọ́ tí ẹ ti sinmi lọ́sàn-án. Iná máa ń tàn sára Lincoln, èrò ti dín, àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà sì wà níbẹ̀ di aago mẹ́wàá alẹ́. Kí ẹ tó gun àtẹ̀gùn dé ọ̀dọ̀ ère náà, ẹ wá ibi tí Martin Luther King dúró sí ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ 1963. Wọ́n gbẹ́ ẹ sára òkúta ní 2003, ìpele 18 sí ìsàlẹ̀ bí ẹ bá kà á láti òkè. Òkúta náà ti ń dán nítorí ẹsẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ kì í sì í hàn dáadáa nínú fọ́tò. Ẹ da omi díẹ̀ sí i láti inú ike yín, kí ẹ fi ọwọ́ tẹ́ ẹ. Omi á wọ inú lẹ́tà, ọ̀rọ̀ náà á sì yọ jáde.

Láti ibẹ̀, ìrìn bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni dé ọ̀dọ̀ ère King fúnra rẹ̀, tó ga ní 30 ẹsẹ̀ bàtà, tí wọ́n ṣí ní 2011. Àdírẹ́sì rẹ̀ ni 1964 Independence Avenue SW, nọ́ńbà tí wọ́n mú láti ọdún tí òfin ẹ̀tọ́ aráàlú jáde. Ilé ìtọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìtàwé tó wà níbẹ̀. Ibùdó Metro tó sún mọ́ Lincoln jù, Foggy Bottom, ṣì jìnnà tó máìlì kan, ọmọ tó ti ń sùn lójú ọ̀nà ò sì lè rìn ín. Ẹ ti ya $15 sí $20 sọ́tọ̀ fún ọkọ̀ tí ẹ máa fi fóònù pè ní alẹ́ yẹn, kí ẹ sì pè é láti Independence Avenue, níwájú ère King, níbi tí awakọ̀ ti lè dúró.